Ọwọ́ Ọkọ Mi Kò Ṣì

Ọkọ mi kò kàwé, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí iná ń wá lára irin. Ajórin ni. Ẹ̀rọ ìjórin tó fi tọ́ ọmọ mẹ́rin, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é nínú yàrá kan ṣoṣo tí à ń gbé nígbà náà. Ó to irin pẹlẹbẹ jọ, ó dè wọ́n, ó wá ń wé wáyà bàbà lé wọn lórí. Òun ń wé, èmi ń kà. Bí mo bá ka ogún, n ó ju òkúta kan sínú abọ́. Òkúta mẹ́sàn-án ló fẹ́, ìyẹn ọgọ́sàn-án ìyípo.

"Bó bá dín, yóò gbóná jù, yóò jó ara rẹ̀," ló wí. "Ìyá elẹ́jọ́, fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀, kà á!"

Orí ogún tó kẹ́yìn la wà tí ọmọ fi ké. Mo sáré gbé e, mo padà, mo sì ń kà lọ láti ibi tí mo rò pé mo dúró sí. N kò sọ fún un. Ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ fún ọdún méjìlélógún, kò wúkọ́ rí.

Nígbà tí àìsàn dá ọkọ mi dùbúlẹ̀, àbúrò rẹ̀ wá yá ẹ̀rọ náà. Èmi ni mo sọ àbúrò yìí ní Ọ̀mọ̀wé nígbà tí mo wọ ilé wọn, torí òun nìkan ló lọ sílé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ iná. Ọ̀sẹ̀ méjì ló dá. Oṣù mẹ́ta ló lò. Nígbà tó gbé ẹ̀rọ náà dé, kò dún, kò mì. Ọ̀mọ̀wé jókòó sétí ibùsùn ọkọ mi.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀rọ yín ṣàdédé jó ni o. Ó jọ pé wáyà tí ẹ wé sí i nígbà yẹn kò tó."

Ọkọ mi wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí. "Bóyá ọwọ́ mi ló ṣì," ló wí. "N kò ṣáà kàwé."

Èmi náà wà níbẹ̀. Ẹkún ọmọ yẹn ló ń dún létí mi. Mo rò pé èmi ni mo ṣì í kà, ojú tì mí, mo sì dákẹ́. Kò pẹ́ sí i, ó kú. Níbi ìsìnkú gan-an, mo gbọ́ tí Ọ̀mọ̀wé ń wí fún àwọn ajórin ẹgbẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi gbìyànjú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ afojúdíwọ̀n ni."

Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn délé. Bó bá jẹ́ èmi ni mo ṣì í, kí n ṣáà mọ̀. Mo gbé ẹ̀rọ náà sórí ẹní, mo tú bóòtù rẹ̀. Òórùn wáyà jíjó gba yàrá kan. Ní ìpele òkè pátápátá, wọ́n ti gé wáyà, wọ́n lọ́ ọ mọ́ òmíràn, wọ́n fi téèpù rọ́bà dì í. Ọkọ mi kì í lo rọ́bà. Aṣọ ló máa ń wé, a ó wá fi fáníìṣì kùn ún. Síbẹ̀, mo ní kí n má dá ẹjọ́ ẹnìkan. Ó lè jẹ́ ẹnu wáyà nìkan ló tún ṣe. Mo ń tú u, mo ń kà. Òkúta méje, lé mẹ́rìndínlógún. Mẹ́rìnlélógún ló dín. Ká tiẹ̀ ní mo gbàgbé gbogbo ogún tí ọmọ fi ké, mẹ́rin ṣì ń bẹ tí kì í ṣe tèmi.

Mo wá wáyà mìíràn, mo fi ọjọ́ mẹ́ta wé e fúnra mi, eékún ni mo fi di irin mú. Nígbà tó dún, n kò yọ̀. Mo di wáyà tó jó sínú àpò, ó di ṣọ́ọ̀bù Ọ̀mọ̀wé.

"Ìyàwó wa, kí lo rù wá? Ẹran ni?"

"Ẹran ara ẹ̀gbọ́n yín ni." Mo dà á sílẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ gé e?"

Ó fi ẹsẹ̀ yí i, ó rẹ́rìn-ín. "Mo dín in kù díẹ̀ ni. Irin géètì tí mo ń jó nípọn, ẹ̀rọ bọ̀ọ̀dá kò mú un. Bí ìyípo bá dín, iná rẹ̀ á le sí i; bí ìwé ṣe kọ́ wa nìyẹn."

"Ìwé kò kọ́ yín pé yóò jó?"

Ó mú ìbòjú ìjórin rẹ̀, ó fi dé orí.

"Ẹ jókòó tì í, ó ní bóyá ọwọ́ òun ló ṣì. Kí lẹ dá a lóhùn?"

"Mo ní kò burú. Ẹni tó ń kú lọ, kí ni n ó máa rojọ́ wáyà fún un sí?"

"Ó dáa, ẹ sọ fún àwọn ajórin pé ẹ̀yin lẹ gé e."

"Kí n fi ara mi ṣe yẹ̀yẹ́? Ìyàwó, òkú kò gbọ́ràn. Máa lọ sílé." Ó fa ìbòjú rẹ̀ sílẹ̀, ó tanná sí irin.

Mo kó wáyà mi, mo ń lọ. N kò lè fi gbogbo ẹ̀bi lé e lórí. Àárọ̀ dé ọ̀sán ọjọ́ kan péré ni mo fi tú ẹ̀rọ yẹn wò. Ọkọ mi ṣì lo ọjọ́ mọ́kànlá láyé lẹ́yìn tó wo ọwọ́ ara rẹ̀ yẹn, mo sì ń fún un ní omi mu, mo ń yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì, n kò tú ẹ̀rọ náà wò, n kò sì la ẹnu mi sọ ti ẹkún ọmọ yẹn.