Àpótí Opó ní Ìdí-Ìyeyè

Kò sí igi ìyeyè ní Ìdí-Ìyeyè mọ́. Wọ́n ti gé e tipẹ́, nígbà tí àwọn ọkọ̀ àjàgbé láti òkè Ọya bẹ̀rẹ̀ sí í já ẹrù sí Kétu. Orúkọ ló kù. Orúkọ, àti gbàgede fífẹ̀ kan níwájú mọ́ṣáláṣí, níbi tí èrò kì í tán. Láàárọ̀, aláta àti ẹlẹ́ja. Lọ́sàn-án, àwọn oníkẹ̀kẹ́ tó ń ké "Ìkòsí, wọlé pẹ̀lú ṣénjì ẹ". Nírọ̀lẹ́, bọ́ọ̀lù. Bí ọdún Iléyá bá kù dẹ̀dẹ̀, àgbò.

Tàwàkálítù ń rán àpò níbẹ̀. Àpò tó ya. Ti ata, ti àlùbọ́sà, ti ẹ̀wà. Abẹ́rẹ́ gígùn, òwú ike, àpótí ìjókòó kan. Ìyá Alápò ni gbogbo gbàgede ń pè é. Nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ dé láti Ìsẹ́yìn, ilẹ̀ pupa ṣì ni ibẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, ẹsẹ̀ a rì dé kókósẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rán àpò tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ dàgbà. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti wá sọ fún un pé Muideen ọkọ rẹ̀ ṣubú lẹ́nu iṣẹ́ bíríkìlà ní Ifákọ̀, kò sì dìde mọ́.

Àṣà kan wà ní Ìdí-Ìyeyè. Bí obìnrin bá ń ṣe opó nílé, tí kò gbọdọ̀ jáde, àwọn tó jókòó tì í a da àpótí rẹ̀ dé, ẹsẹ̀ àpótí a kọjú sókè. Wọn a máa bá a gbá àyè rẹ̀ láràárọ̀. Ẹnikẹ́ni kì í jókòó síbẹ̀ títí oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí ẹ̀sìn là sílẹ̀ yóò fi pé. A kò kọ ọ́ sára ògiri kankan. Tàwàkálítù fúnra rẹ̀ ti gbá àyè opó rí.

Kabirat, tó ń ta ẹja yíyan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ló bá a da tirẹ̀ dé.

Kabirat náà ló wá bá a nílé ní Ajégúnlẹ̀, nígbà tí opó kù díẹ̀ kó parí. Ó ní wọ́n ti to òkúta íńtálọ́ọ̀kì sílẹ̀ ní gbogbo gbàgede. Lọ́la ni ìgbìmọ̀ gbàgede máa kun nọ́ńbà sílẹ̀, kálukú sì gbọ́dọ̀ dúró lórí àyè rẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ìbòrí bojú, kó yọjú díẹ̀, Ọlọ́run a foríjì í.

Tàwàkálítù kọ̀. Ó ní iyẹ̀pẹ̀ sàréè Muideen kò tíì gbẹ. Àpótí òun sì wà níbẹ̀.

"Ta ló máa gbé àpótí opó ní Ìdí-Ìyeyè, Kabirat? Ṣé orí onítọ̀hún ò pé ni?"

Kabirat tún gèlè rẹ̀ wé, ó padà sídìí ẹja rẹ̀.

Ọjọ́ tí opó parí, Tàwàkálítù wẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ, ó mú abẹ́rẹ́ rẹ̀. Gbàgede mọ́ bí abọ́. Nọ́ńbà funfun káàkiri ilẹ̀. Lórí àyè rẹ̀, tábìlì kan. Ṣájà, ìbòjú fóònù. Lẹ́yìn tábìlì, Faridah, ọmọ Kabirat.

Faridah kúnlẹ̀ kí i. Kò kúrò.

Kabirat ṣàlàyé. Àwọn tó ń kun ilẹ̀ ló fẹsẹ̀ ta àpótí dànù. Àlejò kan láti Ojota ti ń sáré bọ̀ wá dúró síbẹ̀. Òun ló ti Faridah síwájú, kí àyè má bàa bọ́.

"O ṣeun," ni Tàwàkálítù wí. "Ó yá, kó dìde."

Kabirat wo ẹja rẹ̀. Ó yí ọ̀kan padà. Ó tún yí i padà.

"Mummy, orúkọ Faridah ni wọ́n kọ. Ọkọ ẹ̀ ti lé e jáde, ẹ̀yin náà mọ̀. Níbo ni kí n ní kó lọ?"

Àkànní, alága ìgbìmọ̀, dọ̀bálẹ̀ fún Tàwàkálítù bó ti máa ń ṣe. Ó ní àyè ti tán. Ó ní ẹni tó dúró ló ni ín, kò sí opó nínú òfin tuntun. Ó ní kó máa fi àdúrà ràn wọ́n lọ́wọ́.

"Ìyá Alápò," oníkẹ̀kẹ́ kan ké láti ẹ̀yìn, "ẹ kúkú rán àyè mìíràn fúnra yín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn tó rẹ́rìn-ín ni àwọn tó bá a kẹ́dùn lọ́jọ́ ìsìnkú.

Sàká, oníṣòwò àlùbọ́sà, rí i létí gọ́tà, ó já àpò yíya sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Tàwàkálítù bẹ̀rẹ̀ sí í rán an lóòró. Kò rọrùn. Itan ló máa ń tẹ́ àpò lé. Ẹ̀ṣọ́ gbàgede dé, ó ní Mummy kò gbọdọ̀ dúró síbẹ̀. Ó sún. Ẹ̀ṣọ́ tún dé. Ó tún sún. Títí ó fi bọ́ sójú títì, nínú eruku ọkọ̀.

Sàká padà wá. Àpò náà ò tíì parí. Ó ní àlùbọ́sà òun wà nínú oòrùn, òun ò lè dúró. Ó gba àpò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó yọ abẹ́rẹ́ kúrò lára rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún un, bí a ti ń fún àgbà ní nǹkan.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá," ló wí.

Màmá, kì í ṣe Ìyá Alápò. Bí a ti ń kí ẹnikẹ́ni lójú títì.