Ilé Ọta Méjì Nínú Agolo Bísíkíìtì

Òórùn epo máṣíìnì ló máa ń kọ́kọ́ pàdé mi ní fúláàtì Bàbá kan tí mo tọ́jú, ní àjà kẹta ẹ́sítéètì kan ní Peckham nílùú òyìnbó níbí, kí n tó gbọ́ òórùn ìpara tí wọ́n fi ń ra orúnkún. Epo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn aránṣọ máa ń kán sínú ẹ̀rọ ni. Mo rò pé ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó wọn tó ti dolóògbé ṣì wà níbì kan nínú ilé. Iṣẹ́ kẹ́rà, ìtọ́jú àwọn àgbà nínú ilé wọn, ni mò ń ṣe nígbà náà. Àárọ̀ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni mò ń lọ wẹ̀ fún wọn, tí màá po ògì, tí màá sì rí i pé wọ́n lo oògùn. Wọ́n ti lé ní ọmọ ọgọ́rin ọdún. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí síbí ń gbé ní Catford, ọjọ́ Sátidé ló sì máa ń wá.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, bọ́ọ̀sì yá, mo sì dé ṣáájú àkókò. Mo bá Bàbá lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n tẹ́ ìwé ìròyìn sórí itan, agolo bísíkíìtì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Irin dúdú méjì, tó gùn tó àtẹ́lẹwọ́, ló wà lórí ìwé náà. Wọ́n ti tú ọ̀kan, sípíríìngì rẹ̀ nà sílẹ̀ bí ejò tó kú. Àkísà síńgílẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kán epo máṣíìnì sí ni wọ́n fi ń nù ún. Mo bi wọ́n pé kí ni. Wọn ò gbé e pamọ́.

“Ilé ọta ìbọn ìléwọ́ ni,” ni wọ́n wí. “Kò sí ìbọn, kò sí ọta. Jókòó.”

Mo jókòó. Ìwọ náà mọ ohun tí orúkọ ìbọn ń ṣe sí èèyàn ládùúgbò wa, o mọ àwọn ìyá tó ti torí ẹ̀ sunkún. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa níbi iṣẹ́ pé bí a bá rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ká pe mánijà lójú ẹsẹ̀. Ìwé ìgbélùú mi sì nìyẹn, ọ́fíìsì ìjọba ló wà, wọn ò tíì dá mi lóhùn, ẹjọ́ ọlọ́pàá sì lè bà á jẹ́. Ọwọ́ mi ti wà lórí fóònù nígbà tí Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Nígbà ogun abẹ́lé, àwọn ni wọ́n ń tọ́jú ìbọn fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí wọ́n wà. Wọ́n kó àwọn ilé ọta kan jáde láti inú àpótí tó ti wà nílẹ̀ ọjọ́ pípẹ́. Gíríìsì àtijọ́ ti gbẹ sínú wọn, ó ti lẹ̀ bí oje igi, sípíríìngì ò lè ti ọta sókè dáadáa mọ́. Ó yẹ kí wọ́n tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fọ̀ wọ́n, kí wọ́n sì dán wọn wò. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá ń kán wọn lójú, ara òde nìkan ni wọ́n nù. Wọ́n kó méjì fún ọ̀rẹ́ wọn kan tó ń wa ọkọ̀ ọ̀gá wọn, ọmọ ìlú kan náà ni wọ́n, kẹ́tùlù kan náà ni wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá. Ìbọn ọ̀rẹ́ náà yìn lẹ́ẹ̀kan péré. Ọta kejì ò gòkè. Ìbọn padà dé, ilé ọta méjèèjì padà dé, òun ò padà dé. Bàbá dá ìbọn padà fún ìjọba, wọ́n fi ilé ọta méjèèjì pamọ́ sísàlẹ̀ àpótí tí wọ́n gbé wá sí ìlú yìí.

Wọ́n gbé àkísà lé mi lọ́wọ́. “Má jẹ́ kí epo pọ̀ jù,” ni wọ́n wí. “Epo tó bá pọ̀ jù ló ń gbẹ di oje. Nù ún kó mọ́, kó o wá fi ìba díẹ̀ pa á.”

Mo nù ún. N kò mọ ìdí. Lẹ́yìn náà ni mo sọ fún wọn pé dandan ni kí n sọ fún mánijà. Wọ́n ní àwọn mọ̀, pé ọmọ àwọn nìkan ló ń dun àwọn, nítorí ohun tí wọ́n sọ fún un láti kékeré ni pé akọ̀wé làwọn nígbà ogun. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n pe ọmọ náà ṣáájú ẹnikẹ́ni. Wọ́n mi orí pé ó dáa.

Ọmọ náà dé tòun ti káàdì iṣẹ́ lọ́rùn. Ẹnu bàbá rẹ̀ ló ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, èmi dúró sí kíṣìnì. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ohùn rẹ̀: “Daddy, kí ló dé tẹ́ ẹ ò tell mi? All these years, ẹ̀yin nìkan?” Ó wá béèrè orúkọ ọ̀rẹ́ náà. Wọ́n dá a lóhùn, wọ́n sì sunkún, irú ẹkún àgbà tí kì í ní ariwo.

Ọmọ náà ló pe ọlọ́pàá. Àwọn méjì ló wá, wọn ò sì pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Obìnrin inú wọn béèrè ọ̀rọ̀ díẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní ó dáa bí wọ́n ṣe pè. Bàbá béèrè bóyá wọ́n máa tọ́jú àwọn irin náà. Obìnrin náà ò purọ́, ó ní wọ́n máa yọ́ wọn ni. Bàbá ní kó fún àwọn ní ìṣẹ́jú kan. Wọ́n to èyí tí wọ́n tú padà, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ sípíríìngì rẹ̀ wọlé, ó sì gòkè padà wẹ́rẹ́. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún obìnrin náà. “Ó ń ṣiṣẹ́ báyìí,” ni wọ́n wí ní Yorùbá. Kò sẹ́ni nínú wa tó túmọ̀ rẹ̀.

Mánijà mi kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ fún mi pé mo pe ọmọ kí n tó pe ọ́fíìsì. Mo gbà á, ẹ̀bi mi ni. Ìwé ìgbélùú mi jáde nígbà tó yá. Ọmọ Bàbá kò dúró de Sátidé mọ́. Bó bá ṣíwọ́ iṣẹ́ ló ń yà.

Títí di òní, inú mi máa ń dùn pé ẹnu mi ò tètè yá lọ́jọ́ náà. Ó kù díẹ̀ kí n sọ fún Bàbá pé kì í ṣe ẹ̀bi wọn, bí a ṣe máa ń sọ kí ọ̀rọ̀ lè tán. Ìyẹn ò wúlò fún wọn. Ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń bẹ láti ìgbà ogun wá, ẹni tí wọ́n ń bẹ̀ ò sí láyé mọ́, ọwọ́ wọn tó ń nu irin ló wá ń bá wọn bẹ̀ ẹ́. Mo ti tọ́jú àgbà púpọ̀ lẹ́yìn wọn. Bí mo bá bá ẹnìkan nídìí iṣẹ́ tí kò yé mi, n kì í tètè gbà á lọ́wọ́ wọn mọ́. Màá fa àga, màá jókòó, màá bi wọ́n pé ta ni wọ́n ń ṣe é fún.