Ọjọ́ Tí Mo Sá fún Ìmọ́lẹ̀ Ojú Sánmà

Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé ni ọjọ́ tí Bọ́láńlé, ọmọ àbúrò mi, lọ gbèjà iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ níwájú ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀ àti àwa ẹbí, kó lè gba oyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì kan ní Houston. Ó fi àwòrán tí kámẹ́rà yà láti inú ọkọ̀ tó ń yí ayé po lókè sánmà hàn wá. Ìmọ́lẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ ewé yí ayé ká. Níléeṣẹ́ epo wa ní Pasadena, nítòsí Houston níbẹ̀, bí a bá rí irú rẹ̀, ẹsẹ̀ là ń bá sọ̀rọ̀. Mo pariwo, "Gáàsì ń jò!" mo sì wọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀ síta.

"Ọ́ńkù, ẹ fẹ́ kí n fèlì ni? Afẹ́fẹ́ òkè ló ń tàn bẹ́ẹ̀!"

"Tó bá léwu ńkọ́?"

"Gbogbo ayé ló yí ká. Ibo lẹ ń sá lọ?"

Ó túmọ̀ rẹ̀ fún ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ̀rín sì pa á.

Bọ́láńlé gboyè. Èmi náà gba tèmi: Ọ́ńkù Gáàsì.