Onígìtá Basin

Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, nígbà tí mo mọ ọkùnrin tó dá ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì sílẹ̀ ní àdúgbò wa ní Basin. Ní ìrọ̀lẹ́, ohùn gìtá rẹ̀ a máa wọlé bá mi bí àlá. Bí wọ́n bá pe ìrun Mọ̀gàríbà, ọkùnrin náà a fi àtẹ́lẹwọ́ bo okùn gìtá, ilé a dákẹ́ rọ́rọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ láti Tanke, àdúgbò tó wà lọ́nà yunifásítì, ló pọ̀ nínú ẹgbẹ́ náà. Bí wọ́n bá ti jáde yunifásítì, wọ́n a lọ. Ṣùgbọ́n kò gbà kí ẹnikẹ́ni lọ láì kọ́ ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀.

Nígbà tí àìsàn mú kí ìka ọkùnrin náà le, ẹ̀rù bà á pé ẹgbẹ́ náà máa tú. Ó wá kọ́ ọmọbìnrin kan ní gìtá. Ọmọ náà ta orin tí ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ràn jù, ó sì fi ọ̀nà tara rẹ̀ ta á.

Mo sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé, "Kò ta á bó ṣe yẹ."

Ó rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ẹ tún ti dé! Bó ṣe ń gbọ́ ọ nìyẹn. Bó bá ń ta á bíi tèmi nìkan, ẹgbẹ́ yìí máa bá mi lọ ni."

Ó dijú, ó ń gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹ bá kọ́ ènìyàn níṣẹ́ tán, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò lórí ọwọ́ rẹ̀.