Ẹlẹ́rìí Kẹta

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Màmá Táípì fi jókòó sórí àga kan náà nínú ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, débi pé tìmùtìmù àga náà ti mọ ìdí rẹ̀ ju ọkọ rẹ̀ lọ. Oṣù mẹ́rin ló kù kó fẹ̀yìn tì. Ó ti rẹ̀ ẹ́, kì í sì í ṣe àárẹ̀ tí oorun ń wò.

Ohun tó tún wá dá kún un ni ọ̀rọ̀ orúkọ ìlú. Ìjọba fẹ́ gbẹ́ ìtumọ̀ orúkọ náà sára òkúta ńlá kan lẹ́nu ọ̀nà ìlú, ni ìgbìmọ̀ bá jókòó, ni ọ̀rọ̀ bá di iṣu ata yán-an yàn-an. Àwọn àgbẹ̀ ní lédè tiwọn, “Ilẹ̀ ọlọ́ràá” ni. Àwọn oníṣòwò ní irọ́ ni, pé lédè tiwọn, “Ọjà ìrọ̀lẹ́” ni. Àwọn apẹja ní àwọn làwọn kọ́kọ́ débẹ̀, “Etí omi” ni, bẹ́ẹ̀ odò tó sún mọ́ ìlú náà jù, ìrìn wákàtí méjì gbáko ni. Màmá Táípì ló ń fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ tẹ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ló ti tún un tẹ̀.

Nígbà tó sú Alága ìgbìmọ̀, ó ní kí gbogbo ìtumọ̀ wọlé, ṣùgbọ́n èdè tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ mú ẹlẹ́rìí mẹ́ta wá tó ń sọ ọ́, kí wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀rọ̀ wọn sì bára mu. Èyí tí kò bá bára mu, wọ́n á dà á nù. Ọjọ́ Ẹtì ni òpin.

Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú ọ́fíìsì náà pé èdè kẹrin wà. Àfi Màmá Táípì, torí èdè ìyá rẹ̀ ni. Àwọn tó ń sọ ọ́ ti kú tán, ó ku ìyá rẹ̀, tí kò ríran dáadáa mọ́, àti àbúrò ìyá náà tó ń ta èédú, tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Eléèédú. Láti ọdún mọ́kàndínlógún ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò ò ti bára wọn sọ̀rọ̀, nítorí ọmọrí ìkòkò kan tí ọ̀kan yá tí kò dá padà. Ẹ wo ohun tó ń pa èdè!

Ẹlẹ́rìí kẹta wá ńkọ́? Òun fúnra rẹ̀ ni. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ ẹbí bàbá rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi èdè náà ṣe yẹ̀yẹ́. Kíá ló gbé e jù sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á síṣẹ́, èdè àwọn àgbẹ̀ nìkan ló kọ sínú fọ́ọ̀mù. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run.

“Bá a bá kú tán tí kò sí lára òkúta yẹn, a ò gbé ibí rí nìyẹn,” ìyá rẹ̀ sọ fún un láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀.

“Màámi, ẹnu mi ò yí i mọ́.”

“Ìwọ ṣáà jẹ́rìí. Mo ti ránṣẹ́ sí Eléèédú.”

Ìyẹn ló jẹ́ kó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré.

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, àwọn ìyá méjèèjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, àyè ẹni mẹ́ta láàárín wọn. Màmá Táípì ló kọ́kọ́ wọlé.

“Ẹ̀yin náà kẹ̀, Màmá Táípì?” Alága bú sẹ́rìn-ín. “Látọjọ́ yìí?”

Ojú gbà á tì. Ó sọ ọ́, pẹ̀lú ẹnu tó wúwo, ìtumọ̀ tó gbọ́ lẹ́yìn ìyá rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì ń pọ̀n ọ́n: “Ibi tí ẹyẹ ń sùn.” Alága kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní kó jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀ ní igun yàrá, ó sì ní kí wọ́n mú ìyá wọlé. Ebi ti ń pa ọkùnrin náà, kò tilẹ̀ béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ìyá, ṣe ló ka èyí tó wà nílẹ̀.

“Màmá, ọmọ yín ní ‘Ibi tí ẹyẹ ń sùn’ ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?”

Ìyá yí ojú síbi tó gbà pé ọmọ rẹ̀ wà.

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ó ní. “Ọmọ mi kì í parọ́.”

Wọ́n pe Ìyá Eléèédú, wọ́n ka ti ìyá fún òun náà. Ó wo àjà, ó wo ilẹ̀. “Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi bá ti sọ náà ni.”

Inú Màmá Táípì dùn débi tó fi sáré tẹ̀ lé wọn jáde. “Ó ti wọlé! Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ìyá mi.”

Ìyá Eléèédú pòṣé. “Ta ló sọ ìyẹn fún ọ? Ti ọmọdé nìyẹn. Ohun tá a fi ń tàn wọ́n sùn ni.”

“Kí wá ni ti àgbà?”

Ìyá rẹ̀ ló dá a lóhùn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “Nígbà táwọn èèyàn wa ń sá fógun, ibí ni wọ́n gbé àwọn tí ò lè rìn mọ́ kalẹ̀ sí: arúgbó, aboyún, aláìsàn. Wọ́n ní, ‘Ẹ dúró dè wá.’ Orúkọ ìlú nìyẹn. Wọn ò padà wá mọ́. Àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ ló bí wa. A kì í sọ ọ́ fọ́mọ kékeré. Ìgbà tó o wá dàgbà tó, o ò sí lọ́dọ̀ mi.”

Màmá Táípì kọjú sí ilẹ̀kùn. Ìyá rẹ̀ di apá rẹ̀ mú.

“Níbo lò ń lọ?”

“Kí n lọ sọ fún wọn pé mo ṣì í.”

“Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ wa ò bára mu, wọ́n á sì da gbogbo rẹ̀ nù. Fi í sílẹ̀, ọmọ mi. Ó ti rẹ̀ mí. Kí wọ́n pè wá lẹ́yẹ sàn ju kí wọ́n má pè wá rárá.”

Màmá Táípì padà sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ó tẹ ẹ̀kẹrin sábẹ́ mẹ́ta yòókù: Ibi tí ẹyẹ ń sùn. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún, torí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tó dé ibi tí fọ́ọ̀mù ti ní kí àwọn tó gbọ́ èdè náà yékéyéké fi orúkọ sí, ó tẹ orúkọ ìyá rẹ̀, ó tẹ ti Ìyá Eléèédú, ó wá tẹ tirẹ̀.