Bó Bá Jí, Bá Mi Kí I

Òórùn ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ kàn ṣì wà nínú àgbàlá wa n'Íkòtún níbí. Òun ló jẹ́ kí n pe ọmọ ọmọ mi pé kó jókòó tì mí, kó máa kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Èmi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo mọ òdòdó kan.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, igbó ló wà lẹ́yìn ilé wa ní Ìgándò. Igbó gidi ni o, kì í ṣe koríko ẹ̀gbẹ́ títì tí ẹ̀yin ń pè ní igbó. Bó ti wù kí oòrùn mú tó, abẹ́ àwọn igi yẹn á tutù bí inú àmù. Èmi àti Rámọ́tù, ọmọ ilé kejì, la jọ máa ń ṣẹ́gi níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn òjò, Rámọ́tù ju igi orí rẹ̀ sílẹ̀, ó figbe ta: "Iná o! Iná ń jó nínú igbó!"

Òdòdó ni. Ó pupa fòò, ó rí roboto bí orí ọmọ ọwọ́, bí ẹni pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ pupa gún un yí ká. Kò sí ewé kan lára rẹ̀. Inú ilẹ̀ lásán ló ti yọ. Rámọ́tù na ìka sí i díẹ̀díẹ̀, bóyá á jó òun. Nígbà tí kò jó o, ẹ̀rín pa wá. Títí dòní, n ò tíì bá ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀ pàdé.

A wú u tòun ti iṣu ìdí rẹ̀, tó dà bí àlùbọ́sà, a gbìn ín sábẹ́ igi obì lẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí oòrùn kì í dé. Ewé jáde lẹ́yìn òdòdó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọyẹ́ dé, gbogbo rẹ̀ rọ, ó jẹrà, ilẹ̀ ṣófo. Mo bú sẹ́kún. Rámọ́tù gbé omi dé, ni ìyá àgbà mi bá pariwo mọ́ ọn: "Ta ní ń da omi sójú ẹni tó ń sùn? Fi í sílẹ̀ jàre!" Ó ri àpáàdì kan síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ọkọ́ kàn án.

Ọyẹ́ ò tíì lọ tí wọ́n fi wá mú Rámọ́tù lọ sọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀, lọ́nà jíjìn. Ó ti gbé ẹrù rẹ̀ sórí kó tó tún sáré padà wá síbi àpáàdì. "Bó bá jí," ló wí, "bá mi kí i o."

N ò fojú kàn án mọ́. Òjò dé, òdòdó jí, mo sì jíṣẹ́: "Rámọ́tù ní kí n kí ọ." Láti ọdún yẹn, n ò jẹ́ kó yẹ̀.

Wọ́n ta igbó náà, wọ́n gé e, ilé kún ibẹ̀ bámú. Èmi ti wú lára iṣu yẹn wá sílé ọkọ, sábẹ́ igi mángòrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wa yìí, mo sì ri àpáàdì síbẹ̀ bíi ti ìyá àgbà.

Lọ́dún yìí, àkọ́bí mi ní òun á fi bíríkì ìńtálọ́ọ̀kì bo gbogbo àgbàlá, kí ẹrẹ̀ yéé wọlé. Òjò sì pẹ́. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ to bíríkì dé ẹ̀bá àpáàdì, mo gbé àpótí mi, mo fìdí kalẹ̀ síbẹ̀.

"Màmá, ilẹ̀ lásán lẹ ń ṣọ́ yìí o," ọ̀gá wọn ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀.

"Ìwọ náà máa ń sùn, àbí wọ́n ń to bíríkì lé ọ lórí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi ò rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, bó bá di Mọ́ńdè tí kò jáde, á jẹ́ pé ó ti kú nìyẹn." Bí wọ́n bá bò ó, ta ni n ó tún máa jíṣẹ́ Rámọ́tù fún?

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ kejì. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, kí àwọn òṣìṣẹ́ tó dé, ni mo gbọ́ tí ọmọ mi ń ké: "Màmá! Màmá, ẹ wá o!"

Ilẹ̀ ti là. Orí pupa kan ti yọ lẹ́bàá àpáàdì, iyanrìn ṣì wà lórí rẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń wò ó, síbẹ̀ ara mi bù máṣọ. Ẹni tí mo bí, tó ti hewú lórí, bọ́ bàtà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí n tó la ẹnu, ó ti sọ ọ́:

"Rámọ́tù ní kí n kí ọ."

Wọ́n to bíríkì yí i ká. Igbó ti lọ, igi obì ti lọ, ilẹ̀ tí kò ju ẹnu agbada lọ ló kù, àti ìbòòji mángòrò lórí rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, bó bá sùn, ẹ má da omi sí i lójú. Bí èmi náà bá sì ti lọ, tó tún jí, orúkọ àwa méjèèjì ni kẹ́ ẹ fi kí i.