Apá Tó Fúyẹ́

Orí èékánná ọmọńdinrín ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti máa ń wo bí abẹ́rẹ́ gíráfóònù ṣe wúwo tó. Á gbé e lé e, á dijú, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Tíṣà ni l'Óǹdó, láwọn ọdún tí owó oṣù kì í tètè dé.

Nígbà tí apá gíráfóònù rẹ̀, èyí tó gbé abẹ́rẹ́ dání, dá, mo tẹ̀ lé e lọ sọ́dọ̀ alátùn-únṣe rédíò kan l'Ákùúrẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi mú àwo orin kan ṣoṣo dání, èyí tí ìyàwó rẹ̀ tó ti kú ti dá orin nínú rẹ̀ fún ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn. Alátùn-únṣe náà kó àlòkù apá méjì jáde, ó sì fi wọ́n lu àwo náà wò. Èyí tó wúwo kò fò rárá. Èyí tó fúyẹ́ fo ìlà orin kan.

"Tíṣà, ẹ gbé kọ́bọ̀ lé e lórí kó lè wúwo, kò ní fò mọ́."

"Kó lè họ ohùn ìyàwó mi dànù? Jẹ́ kó fò. Ohun tó bá fò ṣì wà nínú àwo."

Apá tó fúyẹ́ ló rà. Láti ìgbà náà, tí abẹ́rẹ́ bá ti fo ìlà yẹn, òun fúnra rẹ̀ á kọ ọ́ jẹ́jẹ́, á sì dákẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ lè máa bá orin lọ.